Òwú Tí Kò Tíì Di Aṣọ



Nínú Ìhìnrere tí a kà ní Mísà òní (Lúùkù 12:13–21), Olúwa wa sọ fún wa nípa ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan tí oko rẹ̀ so èso púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àká rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa pé ó jalè, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ilẹ̀ ni ó ṣe oore fún un. Síbẹ̀ Ọlọ́run pè é ní aṣiwèrè, nítorí pé nígbà tí ó rí i pé àká òun kún, ohun kan ṣoṣo tí ó wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun wó o palẹ̀, kí òun sì kọ́ èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Kò rántí pé àwọn àká mìíràn wà ní àdúgbò rẹ̀ tí wọ́n ṣófo, èyíinì ni ikùn àwọn tí ebi ń pa. Ní òru ọjọ́ náà gan-an ni a sì béèrè ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbàkúùgbà tí a bá ka ìtàn yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa bojú wẹ̀yìn bóyá a ó rí ọlọ́rọ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. A rò pé àwọn onílé alájà mẹ́ta nìkan ni Olúwa ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará mi, kò dìgbà tí àká bá tóbi kí ó tó di àká aṣiwèrè. Ó lè jẹ́ àpótí onírin kan lábẹ́ ibùsùn. Ó lè jẹ́ àpò kan tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Irú àká kékeré bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí ní ọ̀sẹ̀ yìí: àpótí òwú àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin wa tí ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun súwẹ́tà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí ó lọ́lá ni. Obìnrin tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń fi sùúrù so ojú òwú kan mọ́ èkejì títí tí fọ́nrán kan ṣoṣo fi di fìlà, tí ó di ìbọ̀sẹ̀, tí ó di súwẹ́tà, iṣẹ́ ìfẹ́ ni ó ń ṣe. Ẹ bi àwọn agbẹ̀bí wa léèrè, wọn yóò sọ fún yín pé ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í pẹ́ kí òtútù tó mú un, pàápàá èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yára nu ara rẹ̀ gbẹ, tí wọ́n ń gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì ń dé fìlà sí i lórí. Fìlà kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ààbò ńlá ni fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú yin obìnrin tí ó ń wá irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ tayọ̀tayọ̀ (Òwe 31:13). Ẹ kíyè sí i pé ní ẹsẹ kọkàndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọ̀pá ìrànwú. Ní ẹsẹ ogún tí ó tẹ̀ lé e, ọwọ́ náà ṣí sí òtòṣì. Kò sí ẹsẹ mìíràn láàrin àwọn méjèèjì. Ọwọ́ tí ń ran òwú ni ọwọ́ tí ń fúnni.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn ra ọjà ní ọ̀pọ̀. Ìyá tí ó mọ ọjà ná, tí kò jẹ́ kí a rẹ́ òun jẹ, ọlọ́gbọ́n ni, ó sì ń ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìjọ Mímọ́ ka ọgbọ́n ìṣàkóso mọ́ àwọn ìwà rere tí ó jẹ́ òpó fún gbogbo ìwà rere yòókù. Níbo, nígbà náà, ni ìdánwò wà? Ó wà ní ibi tí iye owó ọjà ti di ìdí tí a fi ń rà á. Nígbà tí obìnrin kan bá ra òwú nítorí pé ọmọ kan wà tí ó fẹ́ hun aṣọ fún, ó ra òwú. Nígbà tí ó bá rà á nítorí pé ó pọ̀ nìkan, kì í ṣe òwú ni ó rà mọ́, ìfẹ́ ojú rẹ̀ ni ó san owó fún.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo bí ó ti máa ń rí. Ìyá kan jáde lọ sí ọjà láti ra ata àti ẹja. Ó kọjá níwájú ìsọ̀ oníòwú, ó sì gbọ́ tí wọ́n ń ké pé, “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ yà wá wò ó! Gbàǹjo la lù ú! Owó pọ́ọ́kú ni, a ó sì fi èènì sí i!” Ó dúró. Ó fi ọwọ́ kan òwú náà, ó sì rọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ojú ọ̀run ní òwúrọ̀. Ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ó ti rí súwẹ́tà mẹ́ta nínú ọkàn rẹ̀, ó ti rí àwọn ọmọ tí yóò wọ̀ wọ́n, ó ti gbọ́ ìyìn àwọn aládùúgbò. Kò rántí àpótí tí ó wà nílé, tí ideri rẹ̀ kò pa dé mọ́. Ó sanwó, ó sì gbé àpò náà lọ sílé, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ó jèrè.

Ẹni tí ó dán an wò ti pa irọ́ mẹ́ta fún un. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irọ́ kìíní ni pé, “Èrè ni o jẹ.” Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní súwẹ́tà ọmọ kan ń gba ìdì òwú mẹ́rin, kí ìdì kan sì jẹ́ ₦2,000. Ẹni tí ó nílò súwẹ́tà yìí yóò ná ₦8,000. Wàyí o, oníṣòwò lu òwú ní gbàǹjo, ó ní kí a mú ìdì kan ní ₦1,000. Bí ìyá yìí bá ra mẹ́rin, ₦4,000 ni yóò ná, ó sì jèrè ní tòótọ́; kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ó bá ra méjìlá nítorí pé ó pọ̀, ₦12,000 ni ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Yóò dé ilé, yóò sọ pé, “Mo jèrè ₦12,000.” Irọ́ ni. Ó fi ₦4,000 ná ju ohun tí ìbá ná bí kò bá sí gbàǹjo rárá. Ìdì mẹ́jọ sì wà nínú àpótí tí kò ní ọmọ tí a fẹ́ hun aṣọ fún. Owó tí a kò ná nìkan ni a lè pè ní owó tí a fi pamọ́. Oníṣòwò kò lè bá wa fi owó pamọ́ nípa gbígbà á lọ́wọ́ wa.

Irọ́ kejì ni pé, “Yóò wúlò ní ọjọ́ kan.” Ẹ̀yin tí ẹ ń hun aṣọ mọ èyí jù mí lọ. Lára ìwé tí a fi di ìdì òwú, nọ́ńbà kan wà tí ó ń fi hàn pé inú omi aró kan náà ni a ti pa gbogbo òwú tí ó ní nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ láró. Ìdì méjì lè jọra bí ìbejì ní ìsọ̀ oníṣòwò, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà wọn kò bá bára mu, ìlà kan lè hàn ní àyà súwẹ́tà nígbà tí oòrùn bá tàn sí i. Òwú gbàǹjo sì sábà máa ń jẹ́ àjẹkù ọjà: mẹ́ta ti èyí, méjì ti ìyẹn, tí kò sí ìkẹrin wọn mọ́ ní gbogbo ọjà. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó hun ẹ̀yìn, ó hun àyà, òwú tán ní apá kan. Kò rí irú rẹ̀ rà mọ́. Iṣẹ́ náà padà sínú àpótí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, ó sì tún lọ ra òmíràn. Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìṣọ́ láìkọ́kọ́ jókòó ṣírò bóyá òun ní ohun tí yóò fi parí rẹ̀, tí àwọn tí ń kọjá sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà (Lúùkù 14:28–30). Àwọn ahunṣọ wa ní Ìṣẹ́yìn, tí aṣọ òkè wọn lókìkí níbi gbogbo, mọ òtítọ́ yìí: ahunṣọ ní láti mọ bí aṣọ yóò ti gùn tó kí ó tó na òwú rẹ̀. Aṣọ ni ó ń pàṣẹ fún òwú. Ní ilé onígbàǹjo, òwú ni ó ń wá aṣọ kiri, kò sì rí i.

Irọ́ kẹta ni ó burú jùlọ: “Kò pa ẹnikẹ́ni lára.” Mélòó ni ìgbà tí owó yìí ti jẹ́ owó ìwé ọmọ, tàbí owó àjọ tí a ní láti dá ní òpin ọ̀sẹ̀? Mélòó ni ìgbà tí a ti gbé àpò náà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí a fi í sí abẹ́ àpò gàrí kí bàálé ilé má bàa rí i, tàbí tí a sọ ìlàjì iye owó rẹ̀ nígbà tí ó béèrè? Nígbà tí Ádámù àti Éfà jẹ èso tí a kò fún wọn, wọ́n fi ara pamọ́. Nígbà tí a bá rí i pé a ń fi ohun kan pamọ́ fún ẹni tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, tí a sì jọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ, a kò nílò wòlíì láti sọ fún wa pé nǹkan ti wọ́. Òwú lásán kọ́ ni ó wà lábẹ́ àpò gàrí náà. Òtítọ́ tí ó yẹ kí ó wà láàrin tọkọtaya ni a sin síbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ẹ ti ń ka èyí, ẹ sinmi ẹ̀rín. Ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Pákó tí ẹ rà ní ọ̀pọ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀, ta ni ó rà á? Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ tí ẹ ní ẹ ó tún ṣe, rédíò mẹ́rin tí ọ̀kankan kò sọ̀rọ̀, àwọn ni òwú tiyín. Ìdánwò kan náà ni. Aṣọ tí ó wọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wa ilẹ̀ jìn sí i, nítorí pé Pọ́ọ̀lù Mímọ́, nínú ìwé tí a kà ṣáájú Ìhìnrere (Kólósè 3:1–5, 9–11), sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ba ni lẹ́rù. Ó ní ojúkòkòrò kò yàtọ̀ sí ìbọ̀rìṣà. Báwo ni ìdì òwú ṣe lè di òrìṣà? Kò sí ẹni tí ń wólẹ̀ fún òwú. Ṣùgbọ́n òrìṣà ni ohunkóhun tí ọkàn wa bá ń sá tọ̀ nígbà tí ó bá wúwo, dípò kí ó sá tọ Ọlọ́run. Ohun tí ó ń lé obìnrin mìíràn lọ sí ìsọ̀ oníòwú kì í ṣe ìwọra. Ìbànújẹ́ ni. Àwọn ọmọ ti lọ sí òkè òkun, ilé ti dákẹ́. Ọkọ ti kú, alẹ́ ti gùn. Tàbí ọmọ tí ó ń retí kò tíì dé, ó sì ń ra òwú funfun lọ́dọọdún tí kò lè mú ara rẹ̀ hun. Nígbà tí ó bá fi ọwọ́ kan òwú titun, ìtùnú wọ inú rẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí ó bá dé ilé, ìtùnú náà ti lọ, àpótí nìkan ni ó wúwo sí i.

Èmi kì yóò fi ẹnu líle bá irú arábìnrin bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún un ni èyí: ìyá mi, ìsọ̀ oníòwú kò lè gba ẹrù yìí lọ́wọ́ rẹ. Ẹnìkan wà nínú àpótí ìsádi lórí pẹpẹ, tí àtùpà pupa ń jó níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru, ẹni tí ó pè wá pé kí gbogbo àwa tí ẹrù wúwo wá sọ́dọ̀ òun. Kì í gba owó. Wá jókòó níwájú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí o tó lọ sí ọjà, bí o bá fẹ́ kí o mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dání wá títí dé ẹnu ọ̀nà, kí o sì sọ fún un gẹ́gẹ́ bí ó ti rí. Wá sí Ìjẹ́wọ́ bí ẹ̀rí ọkàn rẹ bá ń dà ọ́ láàmú. Àlùfáà kì yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Olúwa wa kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe to ìṣúra jọ ní ayé níbi tí kòkòrò ti ń jẹ ẹ́ (Mátíù 6:19–21). Àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ mọ ohun tí ó ń wí, nítorí pé aṣọ jẹ́ ọrọ̀ ńlá láàrin wọn, irun àgùntàn ni a sì fi ń hun púpọ̀ nínú rẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ aṣọ, irun àti awọ ẹran ni oúnjẹ rẹ̀. Lónìí, púpọ̀ nínú òwú tí a ń tà lọ́jà wa ni kò wá láti ara àgùntàn mọ́. Inú epo rọ̀bì tí a wà jáde láti inú ilẹ̀ ni a ti ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, kòkòrò kò sì lè fi í ṣe oúnjẹ. Ẹnìkan lè wí pé, “Ó dára bẹ́ẹ̀, ti èmi kì yóò bàjẹ́.” Ẹ̀yin ará mi, ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i ni! Nígbà àtijọ́, kòkòrò jẹ́ oníwàásù. Nígbà tí obìnrin bá ṣí àpótí, tí ó sì rí i pé òwú ti di ekuru, ó gbọ́ ìwàásù láìsí àlùfáà: lo ohun tí Ọlọ́run fún ọ kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Òwú ìsinsìnyí kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Yóò wà níbẹ̀ ní ogún ọdún, ní ọgbọ̀n ọdún, bí ó ti rí ní ọjọ́ tí a rà á. Ẹni tí ó rà á ni kì yóò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣí àpótí náà, wọn yóò wo ara wọn lójú, wọn yóò sì béèrè pé, “Kí ni màmá fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?” Ìbéèrè tí Ọlọ́run bi ọlọ́rọ̀ inú Ìhìnrere náà nìyẹn, pé ti ta ni ohun tí ó kó jọ yóò jẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi lọ sí Jópà, sínú yàrá òkè kan (Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 9:36–42). Arábìnrin kan tí ń jẹ́ Tàbítà, tí a tún ń pè ní Dọ́kásì, ti kú. Wọ́n ti wẹ òkú rẹ̀, wọ́n sì ti tẹ́ ẹ sí yàrá òkè. Wọ́n ránṣẹ́ pe Pétérù Mímọ́, ó sì wá. Nígbà tí ó wọlé, àwọn opó yí i ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí Tàbítà ti ṣe nígbà tí ó wà pẹ̀lú wọn hàn án. Ẹ wo bí ẹ̀rí náà ti lágbára tó! Wọn kò ka ìran rẹ̀ fún Àpọ́sítélì. Wọn kò sọ iye owó tí ó ní. Wọn kò mú òwú jáde láti inú àpótí rẹ̀ kí wọ́n wí pé, “Ẹ wo òwú rere tí arábìnrin wa rà ní ọ̀pọ̀.” Ohun tí ó ti di aṣọ ni wọ́n mú wá. Pétérù kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì dá Tàbítà padà fún àwọn tí ó ti fi aṣọ bò.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, bí a bá tẹ́ yín sí yàrá òkè lọ́la, kí ni àwọn opó ìjọ wa yóò mú jáde? Nínú ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Òwú kò wọ́n, kò sì pọ̀, nígbà tí ó wà nínú àpótí. Iye rẹ̀ kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ó bá bo ara ẹnìkan ni a ó tó mọ ohun tí a rà.

Ìjọ Mímọ́ ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí láti ìgbà láéláé. Basil Mímọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà ní Kapadókíà, tí ó kú ní ọdún 379, wàásù lórí Ìhìnrere tí a kà lónìí gan-an, ó sì kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé aṣọ tí a fi sínú àpótí láìlò jẹ́ ti ẹni tí ó wà ní ìhòòhò. Thomas Mímọ́ ti Aquino, ní bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kọ́ni pé ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn àìní wa jẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn òtòṣì nípa òfin ìṣẹ̀dá. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kò pè é ní ojú àánú wa, ẹ̀tọ́ wọn ni ó pè é. Ìdì mẹ́jọ tí ó kù nínú àpótí ìyá wa yẹn, lójú ọjà, tirẹ̀ ni. Lójú Ọlọ́run, ó ti ń pẹ́ ní ọwọ́ rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Mo fẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìwé lọ sínú yàrá.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní tàbí ọ̀la, kí olúkúlùkù tí ó ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣí i, kí ó sì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní ojú ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni oògùn ohun tí a fi pamọ́. Kí ó pín òwú náà sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó mọ ẹni tí yóò hun ún fún, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí, àti èyí tí kò ní olúwa. Èyí tí a bẹ̀rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ parí. Bí òwú apá kò bá tó, ẹ jẹ́ kí apá jẹ́ àwọ̀ mìíràn. Ọmọ tí òtútù ń mú kò ní bínú sí i. Àwọn ìṣẹ́kù kéékèèké tí kò lè di súwẹ́tà, wọ́n tó fìlà ọmọ titun dáadáa. Èyí tí kò sì ní olúwa, ẹ kó o wá fún ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́, ẹgbẹ́ tí Frédéric Ozanam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Páríìsì ní ọdún 1833 láti máa bẹ àwọn òtòṣì wò nínú ilé wọn. Wọn yóò mọ ẹni tí wọn yóò fún. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín dá ṣáṣá, ẹ jókòó ti àwọn ọmọbìnrin kéékèèké kí ẹ kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà pẹ̀lú òwú yìí. Ẹ̀kọ́ kò bìkítà bí nọ́ńbà aró kò bá bára mu.

Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ ariwo gbàǹjo ní ọjà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ọwọ́ yín tó kan àpò owó: Ta ni mo fẹ́ hun ún fún? Ìgbà wo ni n óò hun ún? Owó ta ni mo fẹ́ fi rà á? Bí ẹ bá rí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ rà á, kí ẹ sì gba èènì yín pẹ̀lú ọpẹ́. Bí ọ̀kan kò bá ní ìdáhùn, ẹ kí oníṣòwò kú ọjà, kí ẹ sì máa lọ. Gbàǹjo mìíràn yóò wà. Kò sí ìgbà tí ọjà ń tán ní ayé. Àwọn baba wa sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí Ọlọ́run rọ mánà fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ìwọ̀n tí ó tó oúnjẹ òòjọ́ ni ó pàṣẹ kí olúkúlùkù kó. Àwọn tí ó fi í pamọ́ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bá ìdin nínú rẹ̀ (Ẹ́kísódù 16:16–20). Ọlọ́run kò ṣe ahun pẹ̀lú wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun yóò tún wà níbẹ̀ ní ọ̀la. Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ pé Ọlọ́run wà ní ọ̀la kò níláti ra gbogbo òwú ayé lónìí.

Ọyẹ́ ń bọ̀. Ẹ̀rùn yóò dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò fẹ́ láti òkè ọya, òwúrọ̀ yóò sì tutù. Láti ìsinsìnyí di ìgbà náà, oṣù díẹ̀ péré ni, ṣùgbọ́n ó tó fún ọwọ́ tí kò dẹwọ́. Ní ìjọ yìí, àwọn obìnrin kan yóò bímọ kí ọdún tó parí, tí wọn kò ní owó láti ra aṣọ òtútù fún ọmọ wọn. Àwọn arúgbó kan wà tí egungun wọn ń dùn wọ́n ní òru. Òwú tí yóò bò wọ́n ti wà. A ti san owó rẹ̀. Ó wà láàrin wa, lábẹ́ ibùsùn, nínú òkùnkùn.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní kí a bọ́ ọkùnrin àtijọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣe rẹ̀, kí a sì gbé titun wọ̀. Ní ọjọ́ Ìwẹ̀mọ́ wa, a wọ aṣọ funfun fún wa, a sì ní kí a gbé e dé iwájú Krístì láìní àbàwọ́n. Òun tìkára rẹ̀, nígbà tí wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú, ẹ̀wù kan ṣoṣo tí a hun láti òkè dé ilẹ̀ láìní ojú rírán ni àwọn ọmọ ogun ṣẹ́ kèké lé lórí (Jòhánù 19:23–24). Kò fi àpótí sílẹ̀. Ó fi gbogbo ohun tí ó ní fún wa, títí kan ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, nígbà tí ó bá jókòó lórí ìtẹ́ ògo rẹ̀, yóò bi wá nípa ìgbà tí ó wà ní ìhòòhò (Mátíù 25:31–46). Kí ó má ṣe jẹ́ pé òwú ni a ó fi dá a lóhùn.

Kí Màríà Wúndíá Mímọ́, ẹni tí ó fi ọ̀já wé Ọmọ rẹ̀ ní ibùjẹ ẹran ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, bẹ Ọlọ́run fún gbogbo ọwọ́ tí ń hun aṣọ ní ìjọ yìí, kí ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lè parí, kí ohun tí wọ́n parí sì lè bo ẹni tí òtútù ń mú. Kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún fún yín, Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.

Àlùfáà ìjọ yín